Láti Ibo Ni A Ti Ń Wọn Ilẹ̀? Minna, Sátẹ́láìtì àti Oko Kòkó ní Èrìjìyàn

Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, wọ́n kọ́ wa pé àwọn ọ̀rọ̀ bíi "níbí", "lọ́hùn-ún" àti "ọwọ́ ọ̀tún" kò ní ìtumọ̀ kan pàtó àfi tí a bá mọ ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ilẹ̀ yín nílé rí. Ojú kan ni òun náà ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọjà ọrún. Bí a bá ná ọjà lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún sì ni a ó tún ná an. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Àwọn méjèèjì yóò pàdé lọ́jà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gba "márùn-ún" lẹ́nu ti àkọ́kọ́, tó wá fi ọ̀nà ti èkejì kà á, ọjà á ti tú kó tó débẹ̀.

Ojú tí a ti ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn wà ní Minna, ní ìpínlẹ̀ Niger. Òpó kan tí wọ́n ń pè ní L40 ni. Àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fún òpó yìí ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n wá ń wọn igun àti gígùn láti orí òkè kan dé orí òkè mìíràn. Nítorí pé ayé kò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n nílò ìṣirò tó sọ bí ó ṣe rí gan-an, wọ́n sì mú èyí tí Alexander Ross Clarke, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1880. Clarke ní láti àárín ayé dé ìlà agbedeméjì ayé jẹ́ mítà 6,378,249. Ìṣirò WGS84 tí GPS ń lò ní mítà 6,378,137 ni. Mítà 112 nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, àárín ayé tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n fi Minna ṣe ìpìlẹ̀ kì í ṣe àárín gan-an tí àwọn sátẹ́láìtì ń yí ká.

Kí ni èyí já sí lápá ọ̀dọ̀ wa? Bí ẹ bá mú nọ́ńbà tí wọ́n kọ láti Minna, tí ẹ kà á bíi ti GPS, ẹ ó fi nǹkan bí mítà 90 ṣìnà sí ìlà-oòrùn àti gúúsù. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ ti mítà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní UTM, àṣìṣe náà á kọjá 100 dáadáa.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ìdílé wa. Àbúrò bàbá mi tẹ nọ́ńbà ìwé ilẹ̀ àtijọ́ sínú fóònù, àmì náà sì bọ́ sáàárín kòkó aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ di "wọ́n ti sún ààlà". Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn kì í kí ara wọn mọ́. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ọ̀dọ́ kan ni wọ́n pè. Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ níbí." Origin ni wọ́n kọ, Minna sì tẹ̀lé e. Àbúrò bàbá mi fèsì pé, "Àwa kì í ṣe ará Minna! Èrìjìyàn ni ulé wa." Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, orírun ìdílé ni yóò rò. Nígbà tí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà sí ti GPS, àmì ọ̀hún bọ́ sí ìdí pèrègún tí àwọn bàbá ńlá méjèèjì jọ gbìn, kò fi ju ìwọ̀n àṣìṣe fóònù lọ.

Láti nǹkan bí 2008 ni ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ NIGNET, èyí tí yóò rọ́pò ọ̀nà àtijọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí òpó kọnkéré ní àwọn ibi bíi Yunifásítì Èkó, Zaria, Enugu àti Yola. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbọ́ sátẹ́láìtì GPS tó wà ní kìlómítà bíi 20,200 sókè. Níwọ̀n bí a ti mọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà, a lè ṣírò iye tí sátẹ́láìtì fi ṣì í, kí a yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ẹni tó ń wọn oko. Nọ́ńbà wọn bá ètò AFREF mu, tó fẹ́ kí gbogbo Áfíríkà máa wọn ilẹ̀ láti ojú kan náà. Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà sí wa, níbi tí RECTAS, tí a mọ̀ sí AFRIGIST nísinsìnyí, ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní iṣẹ́ yìí láti 1972.

Àmọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ń fẹ́ iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Àlàfo wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣòro náà wà ju ibi ìmọ̀ lọ.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀ ń rìn. Sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún ni, sí apá àríwá ìlà-oòrùn. Láàárín ogún ọdún, nọ́ńbà oko yín lójú sátẹ́láìtì yóò ti yí pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì mítà. Pèrègún kò mọ̀, torí òun àti oko jọ ń lọ ni. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tuntun fi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, bí a ti ń kọ ọjọ́ sórí lẹ́tà.

Bí ẹ bá délé nísinmi, ẹ yọ ìwé ilẹ̀ yín wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Minna, UTM Zone 31 tàbí West Belt sí. Zone 31 ni gbogbo Èkìtì wọ̀, ṣùgbọ́n Zone 31 ti Minna yàtọ̀ sí Zone 31 ti WGS84. Bí ìwé náà kò bá sọ èwo ni, ẹ bi wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kí ẹ tó bi aládùúgbò.