Irinṣẹ́ Tuntun àti Ojú Irin Inú Eré: Àpẹẹrẹ Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí àwọn kan lè kà sí eré ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà ni bí àwọn tó ń ṣe eré ọkọ̀ ojú irin lórí kọ̀ǹpútà ṣe ń la ojú irin, àti bí ìyípadà irinṣẹ́ ṣe ń yí iṣẹ́ wọn padà. Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó ni mo mú, nítorí pé ojú irin kò dé ibẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ni ó gbà lọ sí Ìbàdàn. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ bọ́wọ́ lùwé pẹ̀lú CCECC fún ojú irin Èkó sí Calabar, Ọ̀rẹ̀ sì wà lára ìlú tí wọ́n dárúkọ. Títí di báyìí, inú eré nìkan ni a ti lè la ọ̀nà náà.

Irinṣẹ́ àtijọ́: Ní 2001 ni Microsoft Train Simulator àti Trainz jáde. Nínú Trainz, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni a ń bá, tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 720. Ọwọ́ ni a fi ń gbé òkè, ọwọ́ náà ni a fi ń gbẹ́ àfonífojì. Iṣẹ́ náà falẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ òkè tí kò mọ ibi tí ó wà.

Irinṣẹ́ tuntun: Ní oṣù kejì 2000, ọkọ̀ òfuurufú Endeavour fi rédà wọn gíga ilẹ̀ ayé. Ní 2014, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n tí àmì rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 30 jìnnà síra lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣáájú. Lónìí, irinṣẹ́ bíi TSRE, tí a fi ń la ọ̀nà fún Open Rails, lè kó ìwọ̀n yìí wọlé kíákíá.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Rédà kì í ríran dé ilẹ̀ dáadáa lábẹ́ igbó dídí. Ara igi ni ó máa ń wọ̀n mọ́ ilẹ̀. Mèlínà inú Igbó Ọba Olúwa ní Odìgbó lè ga ju mítà 20 lọ. Nítorí náà, bí oko bá parí tí igbó bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ lè fi òkè hàn níbi tí kò sí. Igi tí wọ́n ti gé láti 2000 ṣì lè máa jẹ́ òkè nínú eré. Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í gun òkè bíi mọ́tò: kí ilẹ̀ ga ní mítà 1 nínú 100 ti tó láti fa ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yóò máa la òkè tí kò sí.

Kí ni ṣíṣe? Bí ilẹ̀ bá ga lójijì ní etí igbó tí ààlà rẹ̀ gún gbọọrọ, kí a fura. Kí a fi í wé títì Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀, kí a sì bi àgbẹ̀ tó ń dáko níbẹ̀ léèrè.

Ní àkótán, àlejò lójú, kò fi ríran. Rédà náà àlejò ni. Èmi kò ní kí a pa irinṣẹ́ tuntun tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ onílẹ̀ ni kí ó tún ìwọ̀n àlejò wọ̀n.