Ẹ Ṣọ́ra fún Iye Tí Ẹ Kò Mọ Orísun Rẹ̀

Ẹ̀yin oníṣòwò Adó-Èkìtì, ẹ̀yin alákòóso ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti Ìyìn dé Ìjerò, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ewu kan ti wọ ọ́fíìsì wa, ọwọ́ méjèèjì la sì fi gbà á. Ẹ̀ ń náwó sórí ẹ̀rọ tó ń ya ìṣirò bí àwòrán, tó ń sọ fún yín pé ọjà báyìí ń yá, ọjà báyìí ti kú, òṣìṣẹ́ tibí ń gbìyànjú, ti ọ̀hún ń jalè. Ẹ sì ń gbà á gbọ́. Ta ló bi ẹ̀rọ náà léèrè ibi tó ti gbọ́ ohun tó ń sọ?

N kò bá irinṣẹ́ náà jà. Ohun tí wọ́n ń pè ní business intelligence kì í ṣe awo. Kí iléeṣẹ́ kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ ni: ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, owó tó wà ní báńkì, gbèsè tó wà níta, kí ó fi wọ́n wéra, kí ọ̀gá lè rí ohun tó yẹ ní ṣíṣe dípò kó máa méfò. Hans Peter Luhn, tó bá iléeṣẹ́ IBM ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lé e lórí láti 1958. Àwa náà ti jèrè rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ fi ìwé owó oṣù wé BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní báńkì, ti àwọn tó ń gba owó náà, orúkọ tó lé ní 23,000 ni wọ́n sì yọ kúrò nítorí pé kò sí òṣìṣẹ́ gidi lẹ́yìn wọn. Ẹ kíyè sí ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe. Ìwé kejì wà, tí ẹni tó kọ irọ́ sínú ti àkọ́kọ́ kò lágbára láti tún kọ.

Ìwé kejì yìí gan-an ni kò sí ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa.

Báwo ni iye ṣe ń dé inú kọ̀ǹpútà ní Adó? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Iná lọ ní ọ̀sán, ẹ̀rọ kú, ọmọbìnrin tó ń tajà wá ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí. Iná dé lálẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà; èyí tó rántí wọlé, èyí tó gbàgbé di àwátì. Nígbà tí oṣù bá parí, àwòrán á sọ fún ọ̀gá pé alẹ́ ni èrò ń pọ̀ jù, ọ̀gá á sì lọ gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ nítorí alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá rajà. Oníbàárà ṣe tiránsífà, alẹ́ẹ̀tì kò dé, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ní ọjọ́ kejì méjèèjì wọlé, ọjà kan ṣoṣo ti di méjì nínú ìwé. Àpò ìrẹsì kan náà ní orúkọ mẹ́ta nínú ẹ̀rọ nítorí pé ọmọ mẹ́ta ló kọ ọ́, kálukú bó ṣe mọ̀ ọ́n pè. Ẹ̀rọ kà á sí ọjà mẹ́ta, ó ní kò sí èyí tó yá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwìn ló burú jù. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Adó láti ìgbà tó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1 October 1996. Bí owó oṣù bá jáde, Ọjà Ọba á kún. Bí kò bá jáde, ìwé àwìn ló máa ń kún. Ẹni tó tajà níbí láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wà fún oṣù mélòó kan láìgbowó, kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá tò dáadáa á máa ka ọjà tó lọ láwìn mọ́ ọjà tí a ti gbowó rẹ̀. Àwòrán á máa gòkè, inú ọ̀gá á máa dùn, á tún lọ yáwó kún ọjà, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́bọ̀ lápò. Ọjọ́ tí báńkì bá dé láti gbowó rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ oníbàárà ni èrè tí òun ń wò lójú ẹ̀rọ wà.

Ẹ̀rọ kò sì mọ ìdí. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ìwòròkó ń tajà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Èkìtì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa, ọjà á dákẹ́. Ọ̀gá tó jókòó sí ilé rẹ̀ tó ń fi fóònù wo iye, tí kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á ní ọmọ tó wà níbẹ̀ ti ya ọ̀lẹ.

Ibi tí ewu náà ti di ikú nìyí. Bí ẹ bá rò pé mò ń dẹ́rù bà yín lásán, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọba. Láti 1999 ni Post Office, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, ti ń lo ẹ̀rọ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, iṣẹ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ Fujitsu. Ẹ̀rọ náà lábùkù. Ó ń sọ pé owó ti dín ní àwọn ẹ̀ka kéékèèké níbi tí owó kankan kò ti sọnù. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka wọ̀nyẹn pariwo títí pé àwọn kò jalè. Wọn kò gbọ́ tiwọn. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti wí ni abẹ gé. Ẹni tó lé ní 900 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, aboyún kan sì wà nínú àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n ní 2010. Àwọn kan ta ilé wọn láti san owó tí wọn kò jẹ. Àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Ó di December 2019, lẹ́yìn tí Alan Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lé ní 500 ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kí adájọ́ tó sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ náà lábùkù. Ó sì di 2024 kí ilé aṣòfin tó ṣe òfin tó wẹ orúkọ wọn mọ́. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹ̀rọ nìkan ni àwọn wọ̀nyẹn gbọ́.

Ìlú tó ní agbẹjọ́rò, tó ní akọ̀ròyìn, tó ní ilé ẹjọ́ tí kì í sùn, ogún ọdún ló gbà wọ́n kí òtítọ́ tó jáde. Kí ni yóò wá di ti ọmọbìnrin kan ní Ajílósùn tí ẹ lé lálẹ́ ọjọ́ Ajé láìfún un níwèé, tí ẹ pè ní olè lójú ìyá rẹ̀, nítorí pé àwòrán kan pọ́n lójú ẹ̀rọ? Níbo ni yóò ti rí agbẹjọ́rò?

Mo tún kìlọ̀ fún ọ̀gá tó ń pariwo. Ẹni tó ń bú òṣìṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iye bá kéré, irọ́ ni wọn yóò máa kọ fún un. Wọ́n á fi ọjà ọ̀la kún ti òní, wọ́n á fi ọjà tó bàjẹ́ pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò. Ìwà yín ló ń ba àkọsílẹ̀ yín jẹ́, kọ̀ǹpútà kò lè tún un ṣe.

Àwọn tó ń ṣe ètò ńlá náà kò bọ́ níbẹ̀. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006, tó ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 fún Èkìtì. Ti 1973, ìjọba wọ́gi lé e pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán aláràbarà wá láti fi hàn yín iye aláìsàn tí ilé ìwòsàn yín máa rí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ bi í pé iye èèyàn ti ọdún wo ló fi ṣírò. Ìjọba sì ń kọ́ Ekiti Knowledge Zone, ibùdó iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní Adó. Irinṣẹ́ báyìí yóò máa pọ̀ sí i láàárín wa ni, kò ní dín.

Ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: láti 12 June 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá kó nọ́ńbà fóònù àti BVN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sínú fáìlì kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè ṣí, ó ti rú òfin.

Alájọ tó ń kiri Ọjà Ọba mọ ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá kò mọ̀. Káàdì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Bó ṣe ń fàlà sí tirẹ̀ ló ń fàlà sí ti oníbàárà lójú ẹni náà. Ọjọ́ tí owó bá dìjà, wọ́n á gbé káàdì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wá káàdì kejì fún gbogbo iye tí ẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Kí oṣù yìí tó parí, ẹ fi ọwọ́ ka ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ ṣí ìwé àwìn, ẹ gba àkọsílẹ̀ báńkì, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ wé ohun tí ẹ̀rọ wí, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ jókòó tì yín. Bí kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe ìpinnu kankan lórí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yà. Bí ẹ bá sì ti lé ẹnìkan nítorí iye tí ẹ kò yẹ̀ wò, ẹ pè é padà, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ san owó rẹ̀ fún un.