Àpótí Ìmọ̀: Wíwọn Kókó Inú Ọrùn

Lórí ultrasound lásán, ìwọ̀n kókó inú ẹṣẹ́ thyroid ni gígùn × ìbú × jíjìn × 0.52. Ìṣirò yìí gbà pé kókó náà rí bí ẹyin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló rí págunpàgun. Bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀n mẹ́ta yìí lápọ̀jù, kókó tí kò dàgbà rárá yóò dà bíi pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i. Ẹ̀rù ńlá nìyẹn fún aláìsàn. Ultrasound 3D ní tirẹ̀ ń to àwòrán pẹlẹbẹ jọ. Wọ́n á fa ìlà yí kókó ká lórí wọn, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlílítà. Àmọ́ gẹ̀gẹ̀ tó ti wọ ẹ̀yìn egungun àyà kọjá agbára ultrasound, torí ìró tó ń lò kì í la egungun kọjá.