Kí Ló Dé Tí Oníbàárà Ò Fi Rí Ọjà Rẹ?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé àdìrẹ sórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Mo wo àkọlé tí wọ́n kọ: "Aṣọ tó rẹwà gan-an." Háà! Ta ló máa tẹ ìyẹn?

Tí o bá ń wá nǹkan, kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ka gbogbo ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti to àwọn ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bíi atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé: ọ̀rọ̀ kan rèé, àwọn ọjà tó ní in nìyí.

Ní 1972, Karen Spärck Jones, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ló yẹ kó wúwo jù nínú ìwákiri. "Aṣọ" wà lára ọjà tí ò lóǹkà. "Ẹlẹ́kọ" ò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, kọ orúkọ ọjà gan-an, àwọ̀ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Kọ ọ́ láìsí àmì pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì.

Ẹ̀gbọ́n mi yí tiwọn padà: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, adire eleko, aláró, yáàdì 5." Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan béèrè pé, "Èló ni?"

Ìwọ ńkọ́? Kí lo kọ sórí ọjà tìẹ?