Ohùn Inú Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Àṣàyàn Ìró nínú Iṣẹ́ Wally Badarou àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní Ayégbajú-Èkìtì, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti ìlú mìíràn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kíbọọ̀dù ti di ọmọ ilé ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá. Bí olórin bá tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ náà yóò dún bíi fèrè. Bí ó bá tẹ òmíràn, yóò dún bí ìlù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ ni ó ni ìró wọ̀nyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó fi etí ara rẹ̀ ṣà wọ́n, tí ó sì tọ́jú wọn sínú ẹ̀rọ. Ohun tí etí onítọ̀hún ti gbọ́, tí ó sì wù ú, ni ẹ̀rọ ń sọ jáde. Iṣẹ́ yìí gbé ọ̀kan nínú irú àwọn oníṣẹ́-ọnà ìró bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, láti fi hàn pé yíyan ìró jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ta ni Wally Badarou?

Ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn òbí Wally Badarou. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní 1955, ó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Benin. Ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Compass Point, ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas. Níbẹ̀ ni ó ti bá Grace Jones ṣe àwo Nightclubbing (1981). Ó tún bá ẹgbẹ́ Level 42 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ pẹ́ títí.

Bí ìró ṣe ń di ohùn

Ohun èlò tí a mọ̀ mọ́ Badarou ni síńtẹsáísà Prophet-5, tí ilé-iṣẹ́ Sequential Circuits gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1978. Ìró márùn-ún ni ó lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè rántí 40 àtòpọ̀ ìró tí olórin bá ti ṣẹ̀dá. Irú ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ máa ń pèsè ìró gbàǹgbà. Lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ yóò fi ohun tí ó dà bí asẹ́ sẹ́ ẹ, tí yóò sì pinnu bí ìró náà yóò ṣe wọlé, bí yóò ṣe dúró, àti bí yóò ṣe parẹ́. Ìpinnu wọ̀nyí ni ó mú kí ìró kan jọ ti agogo, kí òmíràn sì jọ ti fèrè.

Ohun tí etí rẹ̀ fẹ́

Àwo Echoes (1984) fi ìfẹ́ Badarou hàn. Orin kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ Hi-Life, òmíràn ń jẹ́ Mambo. Orúkọ méjèèjì tọ́ka sí ijó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ti Cuba. Ẹgbẹ́ Massive Attack ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú lára Mambo fi ṣe orin Daydreaming ní 1990. Ní 1986 ẹ̀wẹ̀, Badarou ni ó ṣe olóòtú àwo Teacher Don't Teach Me Nonsense fún Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Nínú àwo náà, fèrè àti ègbè ṣì dúró gbọn-in. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ kò fi ẹ̀rọ lé ènìyàn kúrò nídìí orin.

Kíbọọ̀dù àti ohùn èdè

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìró inú ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù wá láti etí tí kò gbọ́ Yorùbá rí. Nínú ọ̀rọ̀ bíi ìgbá, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ gòkè ni. Nínú rárà, ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ wálẹ̀. Ìyá ìlù lè ṣe èyí, nítorí pé onílù ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí i ká, ó sì ń dẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì kíbọọ̀dù kò lè yọ́. Fífò ni ó ń fò. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí ohùn orin òkèèrè ti fi hàn tipẹ́ pé bí ohùn bá ṣì, ìtumọ̀ á ṣì.

Ìlò nínú kíláàsì

Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pe igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, kí onígángan fi ìlù sọ wọ́n, kí a sì tẹ̀ wọ́n lórí kíbọọ̀dù. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n lo ohun yíyí kékeré tí ó máa ń wà lápá òsì kíbọọ̀dù, èyí tí ń fa ìró sókè tàbí sísàlẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìyàtọ̀ tí wọ́n gbọ́. Ní Èkìtì, iṣẹ́ kejì wà nílẹ̀. Àwọn Èkìtì, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà, máa ń pín ohùn sí méjì nínú ègbè, tí ọ̀kan ń rìn lókè èkejì. Ègbè Ọ̀yọ́ sábà máa ń jẹ́ ohùn kan ṣoṣo. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà Ayégbajú, kí wọ́n wá ìró tí ó bá a mu nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yan án.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ Badarou fi hàn pé ẹ̀rọ kò ní etí. Ẹni tí ń lò ó ni ó ni etí. Bí olùkọ́ Yorùbá kò bá kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń gbọ́ ohùn, etí ẹlòmíràn ni ọmọ náà yóò máa fi kọrin ní èdè ìyá rẹ̀.