Agbaṣẹ́ṣe ni àbí òṣìṣẹ́? Ẹ ṣọ́ra fún owó orí

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yaba lè máa ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ní Surulere fún ọdún mẹ́rin. Agbaṣẹ́ṣe ni ìwé àdéhùn pè é, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó.

Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tó ń lo irinṣẹ́ iléeṣẹ́, tí kò sì lè rán ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó jọ òṣìṣẹ́.

Ewu ibẹ̀ nìyí: bí LIRS, àjọ tó ń gba owó orí l'Ékòó, bá kà á sí òṣìṣẹ́, iléeṣẹ́ náà ni yóò san owó orí tí kò yọ, pẹ̀lú owó ìtanràn. Iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò.

Nítorí náà, kí agbaṣẹ́ṣe máa lo irinṣẹ́ tirẹ̀, kó máa gba owó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n bá yọ, kó sì ṣàlàyé owó tó wọlé fún un fún LIRS lọ́dọọdún kí oṣù kẹta tó parí. Kó wá oníbàárà mìíràn pẹ̀lú. Igi kan kì í dá igbó ṣe.