Òkèèrè Ni A Ti Ń Wò Ó: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣèwádìí DNA

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òwe yìí bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ mu, bí ó bá fẹ́ wọ inú ìwádìí tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà àti ìṣirò lóye ohun abẹ̀mí, nítorí pé ohun tó sábà máa ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ìṣirò tó le, bí kò ṣe àṣìṣe kékeré tó ti wọ inú fáìlì kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà kò sì ní ta ẹnikẹ́ni lólobó rẹ̀.

DNA ni àkọsílẹ̀ tí ara ohun abẹ̀mí ń tẹ̀lé. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni a fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ti ènìyàn gùn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, ojú lásán kò sì lè kà á tán. Ó máa ń wu akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé odidi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa wá àṣírí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi: ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti dájú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mú, kí ó fi dán irinṣẹ́ rẹ̀ wò.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde dára púpọ̀ fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Jíìnì tí àrùn yìí ti ń wá, ìyẹn abala DNA tó ń sọ bí ara yóò ṣe pèsè èròjà kan, ni a ń pè ní HBB. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀, tí GAG fi di GTG, tí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara sì yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá àyípadà yìí yóò rí i pé T tó di A ni fáìlì kọ, kì í ṣe A tó di T. Kí ẹ̀rù má bà á. Okùn méjì tó dojú kọ ara wọn ni DNA, A máa ń bá T so pọ̀, C a sì bá G. Okùn kan ni a fi ń kọ fáìlì, okùn kejì ni a ti ń ka HBB.

Nọ́ńbà ibùdó lẹ́tà náà ni igi gogoro gan-an. Nínú ẹ̀dà ìtọ́kasí DNA ènìyàn tí a ń pè ní GRCh37, lẹ́tà yìí wà ní ipò 5248232 lórí kuromosómù 11. Nínú GRCh38 tó jáde ní ọdún 2013, ipò 5227002 ló wà. Ẹni tó bá da fáìlì ẹ̀dà méjèèjì pọ̀ yóò rí tábìlì tó dán gbinrin, irọ́ ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ jíìnì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: Excel máa ń sọ SEPT2 àti MARCH1 di ọjọ́ inú oṣù, ìwádìí kan ní ọdún 2016 sì fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tó fi fáìlì Excel ṣàkójọ jíìnì ló ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, títí àwọn tó ń sọ jíìnì lórúkọ fi kéde ní ọdún 2020 pé wọ́n ti sọ wọ́n di SEPTIN2 àti MARCHF1. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tó ti rí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó gbà á àti ẹ̀dà tó jẹ́ sílẹ̀, kí ó sì ka ìlà inú rẹ̀ kí ó tó ṣírò àti lẹ́yìn tó bá ṣírò tán.

Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ní ọ̀nà tó ń gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Kí ó gbé àṣẹ tó pa fún kọ̀ǹpútà wá, pẹ̀lú èsì tó rí àti ohun tó ti gbìyànjú. Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dí yóò ríbi dá a lóhùn.

Àìní kọ̀ǹpútà ńlá kò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Galaxy, ojúlé ọ̀fẹ́ tó ti wà láti ọdún 2005, ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí iná bá lọ nílé akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún. DNA àwọn Yorùbá kan láti Ìbàdàn, tí wọ́n fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún iṣẹ́ ìwádìí DNA tí a ń pè ní HapMap, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé lábẹ́ àmì YRI. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gé agbègbè HBB nìkan níbẹ̀, kí ó ka iye àwọn tó gbé lẹ́tà tó yí padà náà. Àwọn tó ṣe HapMap bẹ̀bẹ̀ pé kí a má sọ àwọn tó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ náà di aṣojú gbogbo Yorùbá tàbí gbogbo Áfíríkà, nítorí náà “Yorùbá ní Ìbàdàn” ni kí ó kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀.